Ewúro Tí Dúró Gé, Gbúre Tí Mo Fi Sílẹ̀

Ìhágún ni ohun tí ẹni tó ni nǹkan fi ẹnu ara rẹ̀ pín kí ó tó kú, kí àwọn tó kù má baà fi àdá pín in.

Èmi, Mùíbátù Àṣàkẹ́ Àyànlọ́lá, tí wọ́n bí ní Ìlobù, tí mo relé ọkọ ní Ìfọ́n, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀fọ́ gbígbìn tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Àìsàn tó ń jẹ ìfun mi kò tíì dé ọpọlọ, dókítà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Ohun tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

Lọ́yà Dọlápọ̀sí àti Nàfísàt ọ̀rẹ́ mi ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Kí wọ́n kà á ní pálọ̀ mi ní Ìfọ́n. Kí Jàlálù ọmọ mi jókòó sí igun kan, kí Kàbírù ọmọ Dúró àbúrò mi jókòó sí igun kejì. Kí ẹ yẹ ara àwọn méjèèjì wò kí wọ́n tó wọlé. Mo mọ ohun tí mo bí, mo sì mọ ohun tí àbúrò mi bí.

1. Ilé mi ní Ìfọ́n, mo fún Jàlálù. Ojú àdá mẹ́ta ló wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, láti ọjọ́ tí wọ́n lé bàbá rẹ̀ wọlé. Láràárọ̀ ni ọmọ mi ń fi ìka pa ojú àdá náà bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Kí ó yọ ilẹ̀kùn náà kí oṣù tí mo bá kú tó parí, kí ó là á, kí wọ́n fi se oúnjẹ sàráà mi. Bí kò bá yọ ọ́, ilé náà di ti Azeezat àbúrò rẹ̀.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi, àtìyá àtọmọ, mo fún Màríámọ̀, opó Dúró, ìyá Kàbírù. Ẹ má pè é ní ẹ̀bùn, gbèsè ni. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá Jàlálù, ó wọ agbo ewúrẹ́ Dúró, ó gé ẹsẹ̀ gbogbo ewúrẹ́ tó bá níbẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láàyè, wọ́n ń wọ́ ara wọn nílẹ̀. Màríámọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ dúńbú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìrora wọn lè tán. Kò fẹjọ́ sùn. Ó kàn rán ẹnìkan sí mi pé, “Ẹ sọ fún Ìyá Jàlálù pé ẹran ò mọ ààlà.” Kí Jàlálù fúnra rẹ̀ da ewúrẹ́ náà lọ sí Ìlobù, kí ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ ohunkóhun.

3. Ọkọ́ mi, agbè tí mo fi ń bomi rin ẹ̀fọ́, àti àwọn ìwé mi, mo fún Azeezat ní Òṣogbo. Òun náà ni kí ó mú ewúro tó wà nínú bàsíà jíjò lẹ́yìnkùlé mi. Ilé ara rẹ̀ ló ń gbé, kò sí ẹni tó ń bá a du ilẹ̀ ibẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ ewúro.

4. Mo dé orí ọgbà tó wà láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìwé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀.

Ilẹ̀ bàbá mi ni. Àwọn òbí Ràsákì ọkọ mi ti Gáánà dé ní 1969 pẹ̀lú ẹrù orí wọn nìkan. Nígbà tí a fẹ́ra, bàbá mi yá ọkọ mi ní ọgbà náà kí ọmọ òun má baà máa ra ẹ̀fọ́. Òfin kan ló fi lé e lọ́wọ́, òfin tí gbogbo ilẹ̀ wa mọ̀: ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin ohun tí a ń kórè tán, kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun kò ní lọ mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹbí fi ọgbà náà ṣe ìpín tèmi. Ilẹ̀ tó yí i ká di ti Dúró.

Ràsákì gbin ewúro sí etí ọgbà náà. Kò fi gba ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ ewúro, ó ní ó ń korò dé etí òun. Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló máa ń fọ̀ ọ́ fún mi, á fọ̀ ọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi pọ́n bí ewé.

Dúró rí ewúro náà, ó ní igi ni. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń pariwo: “A fún ọ lọ́mọ, o tún fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ ọn!” Ràsákì rẹ́rìn-ín, ó ní kí àna òun wá jẹun. Dúró lọ sí ọgbà, ó fi àdá gé gbogbo ewúro náà dé orúnkún, ó sì ń ju ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn láìwo ibi tó ń bọ́ sí. Orí ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí.

Mo ti fi iṣẹ́ yìí ṣe ayé mi, ẹ gbọ́ mi. Ewúro kì í kú nítorí pé a gé e. Bí a bá gé e, ẹ̀ka tó máa yọ á ju èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pá rẹ̀ kò sì nílò ẹni tó máa gbìn ín. Bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tútù nígbà òjò, oríkèé rẹ̀ á ta gbòǹgbò níbi tó sùn sí.

Òjò rọ̀. Nígbà tí Dúró padà wá, ewúro ti rúwé lórí ilẹ̀ rẹ̀, káàkiri, láìní poro. Kò sí àgbẹ̀ kan lágbàáyé tó ń gbin nǹkan wúruwùru bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í wo poro. Ó ní Ràsákì ti kọjá ààlà.

Ó bá ọkọ mi lórí ìnàró nínú ọgbà, níbi tó ti ń já ewúro fún ọbẹ̀ mi. Àdá àkọ́kọ́ gba apá rẹ̀ ọ̀tún. Ràsákì sá wọ ilé wa tí kò jìnnà síbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Dúró sì gé ilẹ̀kùn títí ó fi ṣí. Ohun tó tẹ̀ lé e, orí àti ọrùn ló wà. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Èmi ni mo wẹ òkú ọkọ mi. Ewé ewúro ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n ni Dúró kú sí. Kí ó tó kú, mo mú ọ̀pá ewúro kan lọ bá a, èyí tí mo kàn jù sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì ta gbòǹgbò. Mo ní, “Dúró, ìwọ lo gbin èyí tó wà lórí ilẹ̀ rẹ.” Ó yí ọ̀pá náà wò lọ́wọ́ pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo wá pa Ràsákì fún?” Èmi ni mo pọn ọmọ yìí nígbà tí ìyá wa ń lọ oko.

Ní Iléyá tó kọjá, Jàlálù àti Kàbírù pàdé nínú ọgbà náà pẹ̀lú àdá. “Ọmọ apànìyàn!” “Ọmọ agbalẹ̀!” Ìka méjì Kàbírù ṣubú sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rán ẹ̀yìn Jàlálù bí ẹni ń rán àpò. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Kàbírù bí ọ̀pá ewúro ṣe ń hù fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó wá ní, “Màmá, ẹ̀yin kà á nínú ìwé, bàbá mi fi ojú rí i.” Jàlálù ní àfi kí Kàbírù gbà ní gbangba pé wèrè ni Dúró. Bí mo bá kú láìyanjú èyí, ọ̀kan nínú wọn á tẹ̀ lé mi kí ọyẹ́ tó dé.

5. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, kí Nàfísàt gé ọ̀pá ewúro méjì, kí ó gùn tó apá. Kí Jàlálù ju ọ̀kan sílẹ̀, kí Kàbírù ju ọ̀kan, sí ibi tó tutù nínú ọgbà. Kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín. Kí Nàfísàt ti géètì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà kí àwọn méjèèjì wọlé pọ̀, kí oníkálùkù gbé ọ̀pá tí ẹnìkejì rẹ̀ jù.

Bí kò bá sí gbòǹgbò lábẹ́ ìkankan nínú wọn, Kàbírù ló ni gbogbo ọgbà náà, kí Jàlálù sì bẹ̀ ẹ́. Bí gbòǹgbò bá wà, ì báà jẹ́ lábẹ́ ọ̀kan péré, àwọn méjèèjì ló ni ín láìpín, láìsí ààlà, Jàlálù kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ Dúró ṣẹ̀sín títí ayé. Àbúrò mi ni.

6. Ẹni tó bá tún gbin ohun tó ń di igi sínú ọgbà náà ti pàdánù ìpín tirẹ̀. Ó di ti ilé kéú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Nàfísàt ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun.

Gbúre ni kí ẹ gbìn. Mo ti fi ewúro àti gbúre wéra títí. Ewúro ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń pẹ́ láyé. Gbúre kò ní ìkankan nínú rẹ̀. Oòrùn ń pa á, ọyẹ́ ń pa á, àfi kí èso rẹ̀ tó dà sílẹ̀ tún hù nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ó ń yára: kí oṣù kan àbọ̀ tó pé, ẹ ti ń jẹ ẹ́. Kò nílò kí ẹ fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ á fi pọ́n. Kò sí ilé ẹjọ́ tàbí ọba kan tó máa sọ pé ẹni tó gbin gbúre ti gba ilẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ewúro tó bá dàgbà ń fẹ́ àdá. Gbúre kò fẹ́ irin kankan.

Ẹ hú gbogbo kùkùté ewúro tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sun ún. Ẹ má ju ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹ gé ọ̀pá gbúre ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ rì í bọ ilẹ̀ rírọ̀ dé ìdajì, níbi tí òjìji díẹ̀ wà, ẹ bomi rin ín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ń sè é, ẹ má bu omi sí i, omi inú rẹ̀ tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ já a, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò ṣẹ́ ẹ lókè oríkèé kejì. Ẹ fi àdá sílé.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìfọ́n, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Mùíbátù Àṣàkẹ́ Àyànlọ́lá

Níṣojú wa, tí a wà nínú yàrá kan náà nígbà tó fọwọ́ sí i:
Ọlámikúnlé Ọ̀jẹ́wùmí, télọ̀, Ìlobù
Olúwafisáyọ̀ Adéṣínà, nọ́ọ̀sì, Ìfọ́n