Orúkọ tí Màmá Kò Lè Pè

Ọ̀fàdà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2005.

Fadilah ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, fún ọkọ rẹ àti fún àwọn ọmọ. Ṣé òjò Èkó kò wọlé tọ̀ yín? Ọlọ́run tí kì í sùn kò ní í gbàgbé yín níbẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìrẹsì ti yọ orí, àwọn ẹyẹ ló kù tí a ń bá jà, ìyá rẹ ló sì ń fi agolo lé wọn láti àárọ̀. Màmá tó bí mi ń jẹun dáadáa, orúnkún wọn nìkan ni kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́, orí àga ni wọ́n ti ń kírun láti ọdún tó kọjá.

Mo gbọ́ ohun tí o bá mi sọ nínú fóònù Káyọ̀, ọmọkùnrin ará àdúgbò Lotto tó ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa. Má bínú pé n kò dáhùn ju hẹ́n-ẹn lọ. Fóònù Káyọ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sínú rẹ̀, inú rẹ̀ ló máa wà, òun ló sì máa gbé e lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ẹbí kò yẹ kó máa sùn nínú àpò ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, ẹ̀kọ tútù ni màá sì fi lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Káyọ̀ náà ló máa mú un wá fún ọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbé e.

O ní àwọn tó ń tọ́jú ìwé àwọn sójà ní Ìlú Ọba ti dáhùn, pé àwọn wá ìwé ogun Bọ́mà títí, àwọn kò rí ẹnì kankan tó ń jẹ́ Mùtíù Ọláwuyì, orúkọ bàbá mi. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo ba fọ́ọ̀mù tí a kọ ránṣẹ́ sí wọn jẹ́. Wọ́n ní ká lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Bàbá mi kò ya fọ́tò rí, inú oyún sì ni mo wà nígbà tí wọ́n lọ sógun, ṣùgbọ́n gbogbo àgbà Ọ̀fàdà ló ń sọ pé a jọra bí ìmumu. Mo bá lọ sí Ìbàfò, mo ya tèmi. Mo sọ fún ayafọ́tò pé kó ṣe mí bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, iye ọdún tí bàbá mi jẹ́ nígbà tí wọ́n lọ, ó ní iná òun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo na ọrùn, síbẹ̀ ó hàn pé mo ti dàgbà ju bàbá mi lọ. Ibì kan tún wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní ti ọ́fíìsì nìkan ni. Ojú tì mí láti dá a padà lófìfo, mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló bí wọn nínú, bá mi bẹ̀ wọ́n.

Àṣìṣe kejì ni pé mo sọ èsì náà fún Mùíbì, ọmọ àbúrò bàbá mi, o sì mọ ẹnu Mùíbì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ níwájú mọ́ṣáláṣí pé bàbá mi kò dé ojú ogun kankan, pé Gáńà ni wọ́n sá lọ, wọ́n fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, wọ́n ń ta obì. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá. Ọmọ mi, ó dùn mí dé egungun. Nígbà tí àwọn àgbà fẹ́ fi Màmá fún àbúrò ọkọ wọn, Màmá kọ̀, wọ́n ní ọkọ àwọn wà lójú ogun. Wọn kò ṣe opó rí, nítorí kò sẹ́ni tó mú ìròyìn ikú wá. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń dúró. Bí ọkọ wọn kò bá lọ sógun, kí ni wọ́n wá dúró dè?

Lẹ́yìn ìrun Alaasari lánàá, Màmá ní kí n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n bi mí pé orúkọ wo ni mo kọ sínú ìwé. Mo dárúkọ bàbá mi, wọ́n sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. O mọ̀ pé wọn kì í pè é. Kódà nọ́ọ̀sì tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́, tí òun náà ń jẹ́ Mùtíù, Ọlọ́wọ́-fúyẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wá ní kì í ṣe orúkọ yẹn ni ọkọ wọn fi wọ iṣẹ́ sójà. Bàbá-bàbá mi ti búra pé bí ọmọ òun bá lọ, òun á kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ fà á jáde. Nítorí náà bàbá mi lọ sí Ìfọ́, níbi tí rélùwéè ti ń kó àwọn sójà, wọ́n sọ orúkọ mìíràn fún akọ̀wé, akọ̀wé sì fi orúkọ ìlú náà ṣe orúkọ ìdílé wọn. Màmá nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún, lọ́jọ́ tí wọ́n wá dágbére.

Nígbà tí ogun parí tí àwọn sójà ń padà bọ̀, Màmá pọ̀n mí lọ sí Ìfọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dúró ti ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń bi àwọn sójà pé ṣé wọ́n rí ọkùnrin kan tó yọ eyín iwájú, tó máa ń súfèé. Àwọn sójà ń bi wọ́n pé kí lorúkọ rẹ̀. Wọn kò lè pè é. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, èyí tí ọkọ sì fi pamọ́ tún le jù ú lọ. Ni wọ́n bá ń pọ̀n mí padà sílé. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, èmi ọkùnrin ọlọ́dún méjìlélọ́gọ́ta, mo sunkún.

Màmá pè é lánàá. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé n kò gbọ́, mo ní kí wọ́n dákun tún un sọ. Wọ́n wò mí títí, wọ́n tún un sọ, wọ́n sì ní kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Sàlísù Ìfọ́ ni orúkọ náà. Bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, kọ ọ́ kó hàn ketekete.

Bí èsì bá dé, má sọ ọ́ sínú fóònù. Gbé e wá fúnra rẹ. Bó bá jẹ́ pé bàbá mi ti kú, ra aṣọ funfun dání, Màmá ní àwọn á jókòó opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé pérépéré. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró orúnkún wọn àti fún sàráà. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí orúkọ rẹ sọnù mọ́ àwọn ènìyàn rẹ lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni rere, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ọ.

Mo ka lẹ́tà yìí fún Màmá kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò mi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ka orúkọ náà sókè, wọ́n di àga mú, wọ́n rọra fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, wọ́n ní ẹ kú àbọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jẹ̀lílì.