Igun Tí Mo Gé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Dókítà ní kí n máa sọ bí orúnkún mi ṣe ń ṣe mí lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ̀wé. Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bù mọ́ ọn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ ìyẹn náà.

Orúnkún òsì: ó ń ro mí. Ọ̀tún: kò burú.

Ó tán lórí orúnkún. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nílé. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọmọ mi tí mò ń pè ní Àwárí, kò jẹun láàárọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwá. Bí ẹnìkan bá ní òun lòun kọ́kọ́ ṣe kẹ́míkà kan, tí ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ pé kí ẹlòmíràn má ṣe é mọ́, Àwárí ló máa ń tú ìwé àtijọ́ wò, bóyá irọ́ ni. Ìwé ọ̀hún pọ̀ bí iyanrìn. Atọ́ka ni wọ́n fi ń rọ́nà nínú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn tó ni atọ́ka yí i padà. Ti àtijọ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Tuntun dé: ya àwòrán kẹ́míkà sórí kọ̀ǹpútà, yóò kó gbogbo ìwé tó bá ní i jáde. Wọ́n ní gbogbo káàdì tí wọ́n fi ṣe atọ́ka àtijọ́ ló ti wọ inú rẹ̀, ọ̀kan ò ṣẹ́kù.

Mo ní, ta ló kà á?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Orúnkún: bẹ́ẹ̀ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọlọ́dà wá sílé wa. Ọkùnrin tó ń po ọ̀dà irin ni, ọ̀dà wà léèékánná rẹ̀. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń bá a ṣiṣẹ́. Kẹ́míkà kan wà nínú ọ̀dà rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ti lọ gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Bí Àwárí kò bá rí ìwé tó ju tiwọn lọ́jọ́ orí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, kí Ọlọ́dà tilẹ̀kùn ni. Ó jókòó bí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀gún. Ó ní bàbá òun ti ń po nǹkan yẹn kí wọ́n tó já àwọn olówó ọ̀hún lẹ́nu ọmú.

Àwárí ní, "Bàbá yín ò kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí."

Mo gbọ́. Kò dùn mọ́ mi nínú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Àwárí ti fi àná àti òní ya nǹkan yẹn sórí kọ̀ǹpútà. Òfo. Ọ̀gá rẹ̀ — Ṣó-ti-tán ni mò ń pè é, torí ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn — ti pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní kó kọ "kò sí", kó fọwọ́ sí i.

Mo rán an létí abẹ́rẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo lò nídìí káàdì nínú yàrá atọ́ka, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Káàdì kan, kẹ́míkà kan. Ihò yí etí rẹ̀ ká. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ohun tó dúró fún. Bí kẹ́míkà bá ní nǹkan náà, wọ́n á gé ihò yẹn là dé etí. Èmi á ti abẹ́rẹ́ gígùn bọ ihò náà nínú odindi ìdì, màá gbé e sókè, màá gbọ̀n ọ́n. Èyí tó bá jábọ́ ni à ń wá. Kò gba ìwé kíkà. Ó gba ọwọ́.

Àwárí ní, "Ìyá àgbà, ayé ti kúrò níbẹ̀." Ó wá ṣí àwòrán àwọn káàdì àtijọ́ hàn mí nínú kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo wo igun èkíní. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Mo ní kó ṣí òmíràn. Ó pé. A wo ogún. Gbogbo wọn pé nígun.

Mo ní oorun ń kùn mí. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

N kò ní ọ̀rọ̀ lónìí. Má bi mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Kí n sọ ọ́ síbí náà.

Ìwé àṣẹ mìíràn kì í dárúkọ kẹ́míkà kan. Ó máa ń sọ pé: orí rèé, ọwọ́ rẹ̀ lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ tọ̀hún. Odindi ìdílé nínú ìwé kan, bí ọmọ ìyá ọgọ́rùn-ún. Fún irú wọn, ọ̀gá wa àtijọ́ máa ń fi yíǹkì pupa kọ ọ̀rọ̀ kan sókè káàdì. Ó dára fún ẹni tó mọ̀wé. Èmi mú àlùmágàjí, mo ń gé igun ọ̀tún. Ìka mi á mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa gé e lọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan pé àmì ni. Èmi ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi kọ ọ́?

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn tó kó káàdì wọ kọ̀ǹpútà rí igun gígé, wọ́n pè é ní káàdì tó bàjẹ́, wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọn ò kó o wọlé. Ó dá mi lójú bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Ìyàwó ọmọ mi dá kíkọ dúró. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ fà á?"

Èmi ni. Kọ ọ́.

Àwárí fẹ́ dì mọ́ mi. Mo ní kó lọ pe àwọn alátọ́ka.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n dáhùn. "Káàdì bíbàjẹ́": àpótí mọ́kànlélógójì. Wọ́n wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ọkọ̀ máa kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ bébà di páálí.

Ṣó-ti-tán ní bí Àwárí bá bá ìyá arúgbó kiri lọ́la, kó máa bá a lọ títí. Àwárí ní, "Ìyá àgbà, aago méje la máa jáde."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Orúnkún: àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún. Mo kà á.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kò sẹ́ni tó ń wọlé láìní káàdì. Mo ní, "Ọmọ mi, àpótí mọ́kànlélógójì ni mo ní nísàlẹ̀ níbẹ̀." Àwárí fi lẹ́tà àwọn alátọ́ka hàn án. Ó ṣílẹ̀kùn.

Eruku. Abẹ́rẹ́ mi rèé, mo mú un wá láti ilé. Àwárí bẹ̀rẹ̀ sí í ka káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó dákun gbé ẹnu dúró, kó máa gbé àpótí. Ó ti sọ ohun tó wà nínú kẹ́míkà Ọlọ́dà fún mi. Ihò kẹta lókè: èyí tó ká bí òrùka. Èyí tó bá jábọ́, mo tún un tò — ihò kọkànlá: imí ọjọ́. Èyí tó bá tún jábọ́ — ihò kejì lápá òsì: a-dènà-ìpẹtà. Àpótí kìíní, òfo. Ìkẹwàá, òfo. Ọwọ́ ò gbàgbé. Ẹ̀yìn ló ń ráhùn. Àpótí kẹtàdínlógún, mo gbọ̀n ọ́n.

Pà. Pà. Pà. Mẹ́ta.

Àwárí ka èkejì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Ìwé náà fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ju ti ilé iṣẹ́ ńlá lọ.

Mo ní kó dìde, aṣọ funfun ló wọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Nọ́ńbà ara káàdì mú Àwárí dé ìdí ìwé gan-an. Ojú ewé kẹfà. Kẹ́míkà Ọlọ́dà ni ọmọ kejìlá nínú ìdílé yẹn, wọ́n sì kọ iṣẹ́ tó ń ṣe lára irin sí i.

Ṣó-ti-tán pè. Àwárí ò jẹ́ kó la ẹnu. Ó ní, "Ó ti tán, sà."

Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ilé iṣẹ́ ńlá kó agbẹjọ́rò mẹ́ta wá sí ọ́fíìsì Àwárí. Wọ́n ka ojú ewé kẹfà. Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ̀rọ̀ níta díẹ̀. Wọn ò wọlé mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà dé: àwọn yọwọ́.

Ọlọ́dà wá kun ilẹ̀kùn iwájú wa. N kò bẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé ni. Ó dára.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Orúnkún: dókítà ní ó sàn. Mo ti gbàgbé pé ó wà.

Lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn alátọ́ka. Wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, àpótí mọ́kànlélógójì ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fi àmì tuntun sínú kọ̀ǹpútà wọn: káàdì kékeré tí igun ọ̀tún rẹ̀ gé. Àwárí ṣí i, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìdílé tú jáde, wọ́n kún ojú rẹ̀ bámúbámú.

Wọ́n fẹ́ kí n máa wá láàárọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ṣa káàdì. Mo ní kí wọ́n wá àga tó ga. Wọ́n gbà.

Ó ku kí n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìyàwó ọmọ mi gbé yíǹkì wá kí n tẹ àtàǹpàkò sí i. Mo ní kó gbé e padà, kó mú àlùmágàjí wá. Mo tẹ́ ìwé náà, mo gé igun ọ̀tún.

Ó figbe ta. "Ha, Màámi! Ẹ ti ba ìwé jẹ́!"

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yẹn wí.