Ẹ Má Fi Bùsọ́lá Sínú Ààwẹ̀ Kí Wọ́n Tó Ṣiṣẹ́ Abẹ Fún Un

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àdúrà. Èmi Fúnmi yín kúnlẹ̀ kí yín láti inú òtútù òkè òkun. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Akin, mo kí gbogbo ará ìjọ wa ní Ìjù-Odò. Mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba nítorí kì í ṣe ilé wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Òtútù ibí ń wọni léegun. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ń nù ní ọsibítù, ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ló sì ń bí mi nínú. Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé rárá ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Bí kò bá tó, wọ́n á fún un lóògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ abẹ tí kò bá jẹ́ kánjúkánjú á sì dúró. Wọ́n tún ní ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ tó bá dà lára èèyàn, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń dá a padà sí i lára. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé àwọn kì í ṣàdédé fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí ẹni tí kò nílò rẹ̀. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún.

Ìyá wa ńkọ́? Àìmọye ìgbà ni wọ́n lọ sí ọsibítù tó wà nílé lọ́hùn-ún nítorí fáíbírọ́ọ̀dì, kókó inú ilé ọmọ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti funfun, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tó ní ká lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá. Akin gun ọ̀kadà dé Ìrẹ̀lẹ̀. Kó tó padà, Ìyá ti lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Dókítà ò wò ó. Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ ti fi wọ́n sínú ààwẹ̀ gbígbẹ, kí ọ̀bẹ má baà ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, ẹ tún gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí o, kò sì tíì tán nínú mi.

Bùsọ́lá àbúrò mi wá pè mí láìpẹ́ yìí pé fáíbírọ́ọ̀dì náà ló ń ṣe òun, pé oṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Mo bi í bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní wọ́n ní ó di àárọ̀ ọjọ́ náà, àti pé ẹ ti kéde ààwẹ̀ fún òun.

Bàbá, rárá o. Ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí dókítà bá fajú ro, ẹ tún bi í. Kí Akin ti wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀ sílẹ̀. Kó máa jẹ pupuru rẹ̀, kó máa jẹ ẹja, àfi ìgbà tí dókítà bá ní kó dáwọ́ dúró.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Olúwa á gbọ́ àdúrà yín, ẹ ò ní tún sin ẹnì kan nínú wa. Bí ààwẹ̀ bá di dandan, ẹ̀yin tí ara yín le ni kẹ́ ẹ gbà á.

Èmi ni ọmọ yín ní ẹ̀yìn odi,
Fúnmi.