Ẹni Tí Yóò Jókòó Tì Ọ́

                                        Búlọ́ọ̀kù 41, Fúláàtì 3,
                                        Ẹ́sítéètì Jákàńdè,
                                        Ìsọlọ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Àrìnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni Fíẹ́tínáàmù, báwo sì ni àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọn kò tíì lè pe orúkọ rẹ bó ṣe yẹ? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ní Disẹ́ńbà ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé ooru ń mú lọ́dọ̀ yín bó ṣe ń mú níbí? Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá.

Kí o tó kà á síwájú, jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ: kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹnikẹ́ni nílé yín. Mo rí ìyá rẹ ní Ọ̀kọ́ta lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo fọwọ́ kàn án, ó bú mi pé mo ti rù. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lẹ́tà jíṣẹ́ fún èèyàn láyé fóònù yìí, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já. Tiwaladé, aládùúgbò wa tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ tíṣà lọ́dọ̀ yín, ni mo fi í rán, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́. O ó rí ìdí rẹ̀.

Bàbá mi ti kú, Àrìnkẹ́. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni. Èmi gbọ́ ọ ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta ọdún yìí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń pe ara mi ní ọmọ tó ní bàbá, nígbà tí mi ò ní. Ìyá rẹ mọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni pé kó má sọ fún ọ kí o má baà sọ fún mi. Má bínú sí i. Wò ó, mo ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ sínú régísítà. Bó ṣe rí nínú mi gan-an nìyẹn. Mi ò tíì sunkún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Tàìláńdì ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, o mọ bó ṣe máa ń rí, ìwọ náà ti jẹ nínú rẹ̀. Mò ń kí gbogbo èèyàn láàárọ̀ bí ẹni wà ní Jákàńdè. Mo kí géètìmánù, mo kí obìnrin tó ń gbálẹ̀, mo tẹ eékún díẹ̀ fún ọ̀gá àgbà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án, àwọn tíṣà á kóra jọ yí tábìlì kan ká, èmi á gbé bísíkíìtì mi lọ sínú kíláàsì, n óò ti ilẹ̀kùn. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé “Ọ̀rẹ́ mi nìyí”, wọ́n ń nawọ́ síra wọn, èmi fúnra mi ò ní ẹni tí mo lè nawọ́ sí.

Obìnrin kan ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní kíláàsì tó tẹ̀lé tèmi, Nọ́ì ni orúkọ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni iye ọdún mi. Ó ní òun fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, nítorí náà kí n máa pe òun ní Pí Nọ́ì. Pí yẹn, ẹ̀gbọ́n ni lédè wọn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Mo ti rò pé gbogbo òkèèrè ni wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ lásán.

Lójoojúmọ́ ló máa ń yọjú láti bi mí bóyá mo ti jẹun. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni èmi náà ń dáhùn pé mo ti jẹun, mo yó bámúbámú. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tó bá gba oúnjẹ níta, ojú lásán ni màmá á fi bá a wí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó sú u. Lọ́jọ́ náà kò bi mí mọ́, ó kàn gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹyin díndín síwájú mi, ó ní ọ̀dọ̀ obìnrin Mùsùlùmí kan lẹ́yìn ọjà lòun ti rà á, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀, kí n yéé purọ́. Láti ìgbà náà la ti ń jẹun pọ̀. Nígbà tí ara mi ò yá ní oṣù kẹjọ, ilé rẹ̀ ni mo sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyá rẹ̀ ló ń fi ṣíbí fún mi lọ́bẹ̀ mu.

Mi ò sọ ọ̀kan nínú èyí nílé. O mọ ìyá mi. Ọjọ́ tí mò ń lọ, nǹkan mẹ́ta ló kì mí nílọ̀ lé lórí: ẹlẹ́dẹ̀, ọkùnrin, àti ọ̀rẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ ló máa ń fa ọmọ ọlọ́mọ wọnú ẹ̀sìn wọn. Nítorí náà, ìgbàkígbà tó bá bi mí, ìdáhùn kan náà ni: “Màámi, mi ò ní frẹ́ndì kankan níbí o, skúùlù sí ilé ni.” Inú rẹ̀ á dùn, á sì ṣàdúrà fún mi títí owó orí fóònù rẹ̀ á fi tán.

Bàbá ní tirẹ̀ máa ń pè mí ní gbogbo Jímọ̀, tó bá ti kírun tán ní Òṣòdì, kó tó padà sí ṣọ́ọ̀bù fìlà rẹ̀. Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, ilé Nọ́ì ni mo wà. Àjọ̀dún ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe abọ́ kékeré tí wọ́n ń gbé sórí odò. Mo ní èmi ò ní bá wọn gbé nǹkan sórí odò, Nọ́ì ní ó dáa, kí n ṣáà bá àwọn ká ewé. Mo ká tèmi, ó dà bí fìlà tí èèyàn jókòó lé. Ìyá Nọ́ì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìpè Bàbá kò wọlé. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ọ̀fun ń dùn ún. Wọ́n tún ní ó lọ sí Ìsẹ́yìn. Abdulhafeez àbúrò mi mú fóònù rẹ̀, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo Jímọ̀: “Ọmọ mi, a dúpẹ́, máa kírun dáadáa.” Bàbá tí kò tẹ ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀, ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé mo fura? Mo yìn ín ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ ti di ọ̀dọ́ o, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ̀.” Abdulhafeez sọ pé ọjọ́ tí òun ka ìyẹn, òun gbé fóònù náà fún Màmá, òun sì jáde nílé.

Mo wálé kí n lè bá wọn parí ààwẹ̀. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, bàtà pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí wà ní pálọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ti dé láti Ìsẹ́yìn, Àǹtí Memunat àbúrò Màmá wà níbẹ̀. Mo bèèrè Bàbá. Wọ́n ní ó wà ní mọ́sáláṣí. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni, ààwẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wa, wọn ò sì fẹ́ sọ ọ́ fún mi nígbà tí ebi wà nínú mi. Gbogbo wọn bá jókòó, wọ́n ń bi mí nípa ọkọ̀ òfurufú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ròyìn, mo kó ṣokoléètì jáde. Mo yọ aago tí mo rà fún Bàbá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó wò ó. Nígbà tí a ṣínu tán, tí wọ́n rí i pé mo ti jẹun kánú, Àǹtí Memunat wá jókòó tì mí lápá ọ̀tún, Màmá lápá òsì, Alfa mọ́sáláṣí wa sì húkọ́, ó sọ ọ́.

Mo ní, “Ẹ ṣé.” Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ní ẹ ṣé, mo sì bèèrè bóyá kí n kó àwọn abọ́ kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo tó bi Màmá pé kí ló dé. Mo fẹ́ bínú, ìbínú náà ò wá. Ó ní, “Lateefah, ṣé orí fóònù ni ká ti sọ ọ́ fún ẹ? Kó o dá wà nínú yàrá, kó o ṣubú, ta ló máa gbé ẹ dìde? A wá ẹni tó máa jókòó tì ẹ́ kó tó sọ ọ́. Mo pè ẹ́ lọ́jọ́ kẹta, mo bi ẹ́. Mo ní ṣé o ò ní frẹ́ndì kankan níbẹ̀, ẹyọ kan péré? Kí lo wí fún mi?”

Mo rántí. Ìdí tábìlì Nọ́ì ni mo wà nígbà tí ìpè yẹn wọlé. Màmá bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ ha, mo rò pé ọ̀fun tó ń dun Bàbá ló ti ràn án, mo sì rò pé ìdánwò àtijọ́ náà ló tún ń fún mi ṣe. Mo búra. Mo fi Ọlọ́run búra, Àrìnkẹ́, pé mi ò ní ẹnì kankan. Nọ́ì ń bu ọbẹ̀ sí abọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, kò ṣáà gbọ́ Yorùbá. Màmá ní ó dáa. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn ni.

Ká ní mo dárúkọ Nọ́ì lọ́jọ́ náà, wọn ì bá pè é, ì bá sì jókòó tì mí. Ǹ bá ti sunkún nígbà tí ẹkún rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti ṣe fídáù, wọ́n ti ṣe ogójì ọjọ́, gbogbo wọn ti sunkún tán, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Èmi ń jí, mò ń wẹ̀, mò ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Òṣòdì, mò ń ta fìlà. Bí oníbàárà bá ní kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, mo ń ṣe àmín, bí ẹni ń bá ará ilé kejì ṣe é. Mo mọ̀ pé ó ń dùn mí. Mi ò kàn mọ ibi tó ti ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó lè pe Nọ́ì. Mo sọ ti Bàbá fún un, mo sì sọ ìyókù, pé mo sẹ́ ẹ lójú ara rẹ̀. Mo rò pé á bínú. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹnu mi ti yà láti sọ pé mo ti jẹun. Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ bu oúnjẹ, òun ò ní gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbé fóònù náà ti ìgò omi, mo bu ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ó ṣáà ń wò mí.

Màmá wọlé bá wa, ó wo ojú obìnrin tó wà lórí fóònù, ó ní ta nìyẹn. Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi nìyí, Màámi.” Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, “Ẹ ṣeun o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ wa,” bí ẹni pé Nọ́ì á gbọ́. Nígbà tí a parí, ó mú bírò wá, ó ní kí n kọ nọ́ńbà náà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. N óò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Màmá kò bá mi jiyàn.

Ní Ọ̀kọ́ta lọ́jọ́ Sátidé, mo bi ìyá rẹ léèrè rẹ. Ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó ní, “Àrìnkẹ́ tèmi? Kò ní frẹ́ndì kankan níbẹ̀ o. Skúùlù sí ilé ló mọ̀.” Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀.

Màmá ní kí n kí ọ, Abdulhafeez kí ọ, Àǹtí Memunat ní kí o máa wọ ṣúwẹ́tà. Bá mi kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Bá mi kí ẹni yẹn náà, ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ọ, tí o kò tíì sọ fún wa. Tí o bá máa fèsì, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ. N óò mú un lọ sí Ọ̀kọ́ta fúnra mi, n óò sì dúró títí ìyá rẹ á fi kọ ọ́ sára ògiri.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o lè dárúkọ níbikíbi,
                                        Lateefah Adéyanjú.