Ìpìlẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Àgbàdo

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà pè mí ní Aránṣọ.

Bíríkìlà ni bàbá mi, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti kékeré la ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé gbogbo ayé ni wọ́n ń rẹ́, ògiri tiwa ò fojú kan sìmẹ́ǹtì rí. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Lóṣù tó kọjá, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn fọwọ́ sí ìwé, wọ́n fún mi ní ìpín bàbá mi nínú ilẹ̀ ìdílé kí n fi kọ́lé. Àgbàdo ni wọ́n máa ń gbìn síbẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, ṣọ́bìrì wọn kọ́kọ́ kan nǹkan líle. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ kúrò. Olóòtú, ìpìlẹ̀ ilé ni! Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, ó gún régé.

Mo sáré lọ bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀pà. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Ọdún tá a bí ẹ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí mo bá ti rí àpò sìmẹ́ǹtì kan, ibẹ̀ ni mo ń gbé e lọ.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?”

“Ṣé ẹ ò ní ní kí n fi sìmẹ́ǹtì náà rẹ́lé ni?”

Ní báyìí, ẹni tó yàwòrán ilé mi ní ká fi òòlù fọ́ ìpìlẹ̀ náà, pé yàrá márùn-ún lòun yà. Bàbá mi ní kò burú, ilẹ̀ ti di tèmi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n gbé òòlù náà fún?