Ẹja Mẹ́fà Tí Pẹ́pẹ́yẹ Jẹ Ìfun Wọn

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Karùn-ún 2025

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti Ṣakí dé Ifẹ̀. Ní àdúgbò Mayfair níbí, mo mọ ohùn gbogbo ará ilé: ẹni tó ń húkọ́, ẹni tó ń kọrin tó bá ń fọṣọ. Kò sẹ́ni tó mọ tèmi.

Lónìí, ní lábù yunifásítì, a la ẹja kejìdínlógún. Àrọ̀ ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ mi ò le lẹ́nu: kí n ka aràn inú ìfun ẹja kọ̀ọ̀kan, kí n gé díẹ̀ lára ìfun náà sínú ìgò fọ́málíìnì kó má baà jẹrà, ká wá fi maikirosikóòpù wo ohun tí ara ẹja ń ṣe sí àlejò burúkú yẹn. Olórí-ẹ̀gún ni mo sọ aràn náà. Ẹ̀gún ló wà lórí rẹ̀ lóòótọ́ — ó ń fi gún ògiri ìfun, á rọ̀ síbẹ̀, á máa jẹun. Ẹja ò sì kàn ń wò ó. Ìfun á tú omi yíyọ̀ jáde bí ọbẹ̀ ilá, kí aràn má baà rí ibi dì mú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jà fún ara á ṣù bo ojú ọgbẹ́. Ẹja tí kò lóhùn, ó sì ń jà. Mo jowú rẹ̀.

Ó ku mẹ́fà kó pé mẹ́rìnlélógún. Dókítà Fáníyì ló ń darí iṣẹ́ wa. Ìbéèrè ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò lè sọ gbólóhùn kan kó má bèèrè nǹkan. Ó ní, "Ṣàkírátù, ṣé wàá lè dá lọ rà wọ́n? O ò ní jẹ́ kí wọ́n là wọ́n o?" Mo ní mi ò ní jẹ́ kí wọ́n là wọ́n, sà. Dàmọ́lá, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní òun á bá mi lọ. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ojú ló ń tì mí láti bá a jókòó nínú ọkọ̀. Wọ́n rò pé mo nígboyà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ìgbà mẹ́ta tá a ti lọ tẹ́lẹ̀, Dàmọ́lá ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá Àyàndá tó ń ta ẹja létí adágún ní inúure jù. Bó o bá ti nàka sí ẹja, ọ̀bẹ ti débẹ̀. Mo nàka sí mẹ́fà. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́ —"

"Mo mọ̀, ò ń kánjú. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ ẹja? Jẹ́ n bá ẹ ṣe é."

Àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bèèrè bóyá odi ni mí. Mo dúró ti garawa omi tí mo gbé wá kí ẹja lè yè délé. Ìyá Àyàndá ń fa ìfun yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù ú sẹ́yìn, pẹ́pẹ́yẹ méjì ń gbé e mì. Mo kà á. Mẹ́fà pé.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún

Kò sẹ́nìkankan ní lábù. Ìfun ẹja kọkànlá ṣì pọ̀ nínú ìgò rẹ̀. Mo wá apá tí aràn ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, mo gé e sọ́nà mẹ́fà. Mo kọ nọ́mbà sára ìgò: 19, 20, 21, 22, 23, 24. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, níbi iye aràn: òdo. Òdo. Òdo. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òdo lẹ́ẹ̀mejì. Ó jọ mí.

Mo se àwọn ẹja náà. Mi ò lè jẹ wọ́n. Mo gbé wọn fún Àlájà onílé, ó sì ṣàdúrà fún mi gan-an.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti kó ìgò wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé ìfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún maikirosikóòpù. Mò ń gbàdúrà kí ẹ̀rọ wọn bàjẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà

Iléyá. Àlájà ní kí n jáde wá bá wọn jókòó. Mo jókòó. Wọ́n ń fọ ìfun àgbò nínú agbada. Mo dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹfà

Ìbéèrè pè wá sídìí maikirosikóòpù. "Ta ló ka mẹ́fà ìkẹyìn? Ó dá ẹ lójú pé òdo ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irọ́ kejì. Ti ẹnu ni, ó wúwo ju ti ìwé lọ.

Ó ní kí n wò ó. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jà ṣù bí èèrà nídìí ṣúgà. Omi yíyọ̀ kún. Àpá wà níbi tí nǹkan ti gún ògiri ìfun. Gbogbo àmì pé aràn ti gbé ibẹ̀ — àfi aràn fúnra rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń rí? Àwọn ẹja yìí lé e jáde! Wọ́n jà, wọ́n borí!" Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mi ò ronú débẹ̀ rárá. Nọ́mbà nìkan ni mo yí padà. Ìfun náà ṣì ń sọ ohun tójú ẹja kọkànlá rí.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Gbogbo lábù ti mọ orúkọ mi. "Ṣàkírá Òdo!" Dàmọ́lá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Ó ní ká lọ jẹun. Mo lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ sọ ìtàn Ṣakí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi sára níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ara mi — kí n kọ ọ́ síbí, torí òun ló ń tì mí lójú jù.

Èmi ni màá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ẹ̀ka wa lógúnjọ́ oṣù yìí. Ìbéèrè sì ní kí Dàmọ́lá lọ ra mẹ́fà sí i lọ́wọ́ Ìyá Àyàndá, kó lè dá wa lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà

Òfìfo ni Dàmọ́lá gbé garawa dé. Òjò ti kún adágún, wọn ò rí ẹja pa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyá Àyàndá ní kí n kí ẹ. Ó ní ọ̀rẹ́ mi tí kì í sọ̀rọ̀ dà, èyí tí òun la ẹja mẹ́fà fún. Ó ní àwọn pẹ́pẹ́yẹ òun ń retí ẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, Dàmọ́lá. Ó ní, "Mi ò bèèrè nǹkan kan." Ó gbé garawa kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ara ì bá tù mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

Mo kọ lẹ́tà sí Ìbéèrè. Mo fà á ya.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà

Aago mẹ́jọ, ọ́fíìsì Ìbéèrè. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde. Kí ló dé?" Mo sọ ọ́ — ọ̀bẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹja kọkànlá. Ohùn mi kéré débi pé ó ní kí n tún un sọ. Títún un sọ ló burú jù.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò bèèrè nǹkan. Ó ní, "Mo ti sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan n'Íbàdàn. Màá pè é lónìí."

Ó ti ìwé àkọsílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú báírò pupa. "Má pa á rẹ́. Fa ìlà lé e, kí ohun tó o kọ ṣì hàn. Kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o fọwọ́ sí i." Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà: Wọ́n ti da ìfun nù. Irọ́ ni mo kọ síbí.

Ìbéèrè ní Dàmọ́lá ló máa sọ̀rọ̀ lógúnjọ́, lórí ẹja méjìdínlógún. Bóyá orúkọ mi á wà lórí iṣẹ́ náà, ó ní òun ò tíì mọ̀. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní, "Mẹ́fà ṣì kù. Lọ rà wọ́n."

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹfà

Èmi nìkan ni mo lọ. Ìyá Àyàndá rí mi, ó ti mú ọ̀bẹ. "Odi mi dé!"

Mo ní kó má là wọ́n. Kò gbọ́. Mo pariwo: "Ẹ má là wọ́n, mà!" Gbogbo wọn yíjú. Pẹ́pẹ́yẹ náà yíjú.

"Háà! Ó lóhùn! Kí ni ọ̀bẹ mi ṣe fún ẹ?"

"Ìfun wọn ni mò ń wá, mà."

"Ìfun? O ò wá sọ lọ́jọ́ náà? Mo gbé oúnjẹ ẹ fún pẹ́pẹ́yẹ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo gbé garawa mi, ẹja mẹ́fà ń ta omi sí mi láṣọ.

Ní lábù, Dàmọ́lá ò kí mi. Ó kàn sún kúrò kí iná lè tàn dé ọwọ́ mi.

Mo la ẹja kọkàndínlógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lábẹ́ òdo tí mo fa ìlà pupa lé, mo kọ iye rẹ̀: aràn méje.