Ọwọ́ Ìyá Rẹ Lára Màkàróní

                                        9, Via del Frantoio,
                                        Montefràscino,
                                        Basilicata.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹjọ, 1998.

Loredana, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Torino? Osvaldo ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Tiziana ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ga jù ọ́ lọ, àmọ́ ta ni kò ga jù ọ́ lọ? Ẹ kú ooru o. Níbí, oòrùn ti gbàgbé pé èèyàn ni wá, ṣùgbọ́n ara gbogbo wa le. Ìyá mi ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá o ṣì ń ra màkàróní inú páálí. Mi ò dá wọn lóhùn, nítorí pé mò ń bo àṣírí rẹ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ lo fẹ́ gbọ́. O ní kí n fà á lé ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé ìyá rẹ lọ́wọ́, tòun ti gbogbo ẹrù tó wà nínú ilé. Mi ò tíì fún un. Má tíì bínú, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ọdún màkàróní fún ọ.

O mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ọ̀kan nínú àwa obìnrin tí à ń fa màkàróní bá kú, pátákó tó fi ń fà á gbọ́dọ̀ jáde nígbà ọdún tó bá tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò jókòó sí àyè rẹ̀, tí yóò fi ìka mẹ́ta fa ẹyọ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, kí òkú lè mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà, kí ó sì lọ sinmi. Mo bẹ̀ ọ́ lórí fóònù pé kí o wá. O ní iṣẹ́ kò jẹ́. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi báyìí tí mò ń kọ̀wé yìí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Èmi ni mo lọ gbé pátákó náà ní ilé yín láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. A gbé e sí àyè ìyá rẹ lórí tábìlì gígùn, nínú ilé tí wọ́n ti ń fún òróró láyé àtijọ́. Màmá Vituccia, tí wọ́n jẹ́ olórí wa báyìí, gé ìyẹ̀fun pípò lé e lórí, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. A ń ṣiṣẹ́, a ń ṣòfófó, títí ọ̀sán fi pọ́n. O mọ̀ pé kò sí ọmọlúàbí tí ń rìn nílùú wa lọ́sàn-án gangan nínú oṣù yìí. Ajá pàápàá máa ń wọlé. Màmá Vituccia ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ bọ àyà wọn, oníkálukú sì lọ ti fèrèsé ilé rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀ tí a padà dé, Màmá Vituccia ni wọ́n ṣílẹ̀kùn tí wọ́n sì kọ́kọ́ wọlé. Mo rí i pé wọ́n dúró, wọn ò lọ síwájú, wọn ò padà sẹ́yìn. Aṣọ funfun náà wà lórí àga, ẹnì kan ti ká a, ó ti fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú, bí ìyá rẹ ti máa ń ká gbogbo aṣọ, títí kan áńkáṣíìfù. Ìyẹ̀fun pípò náà kò sí mọ́. Màkàróní ló kún orí pátákó náà, wọ́n tò ó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ṣì tutù.

Gbogbo wa la mọ ọwọ́ ara wa. Màkàróní tèmi fẹ̀ bí etí, o sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó lórí rẹ̀. Ti Màmá Vituccia jìn débi pé ọbẹ̀ lè sùn sínú rẹ̀. Ìyá rẹ nìkan ni ìka àárín wọn kúrú, láti ìgbà tí dòjé ti gé orí rẹ̀ lóko àlìkámà. Ojú ìka méjì a jìn, ti àárín a kàn fẹ́ẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo èyí tó wà lórí pátákó náà rí.

"Canio," Màmá Vituccia pe ọkùnrin tó ń se ìkòkò ńlá wa, "ṣé ìwọ lò ń fòkú ṣeré?"

"Èmi kẹ̀, Màmá? Èmi tí mi ò lè ká ṣòkòtò ara mi? Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà o."

"Àyà mi ló wà. Ta ló fẹ́ tọwọ́ bọ ibẹ̀?"

Lọ́jọ́ mìíràn à bá ti rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Canio gbé asẹ́ rẹ̀ wá, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dà á mọ́ ìyókù jàre. Àlejò ti kún gbàgede, ebi ń pa wọ́n. Kí ló tún wà nínú màkàróní ju màkàróní lọ?"

"Ó dáa, sè é. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Canio rọra gbé asẹ́ sílẹ̀.

"Kì í ṣàwa ló ṣe é fún," Màmá Vituccia wí, ohùn wọn sì ti lọlẹ̀. "Ọmọ ẹ̀ ló ṣe é dè. Ermelinda, gbé e lọ sílé ẹ̀."

Mo gbé e. Láti ìgbà òtútù tí a ti sin ìyá rẹ, èmi nìkan ni mò ń wọ ilé yẹn. Láàárọ̀ tí mo wá gbé pátákó, òórùn ilé pípatì ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí, òórùn ìyẹ̀fun tútù ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Èmi fúnra mi ni mo to gbogbo àga ti ògiri lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n ti fa ọ̀kan sójú fèrèsé, ó kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀sì Potenza ti máa ń dúró. O mọ ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ní gbogbo oṣù kẹjọ, tó ń wọ̀nà fún ọ. Orí tábìlì ni mo ti rí àwo rẹ, èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù, òun nìkan. Mo gbé pátákó sílẹ̀. Mo kí ìyá rẹ, mo ní, "Màmá Carmosina, ẹ kú ilé o." Mi ò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Mo padà lọ bu oúnjẹ fún àwọn àlejò, mo sì da ọbẹ̀ tòmátì sí ọkùnrin kan láṣọ. Wọ́n jẹ, wọ́n jó, wọ́n yìn wá. Èmi ò lè fi nǹkan kan sẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ wò ó bóyá ó ti ń gbẹ. Ẹnì kan ti yí wọn padà, kí abẹ́ náà lè gbẹ. Mo ní ológbò ni. Ológbò wo ni yóò yí màkàróní padà lẹ́yọ lẹ́yọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni mo bá a lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo sọ fún Fàdá Eligio. Wọ́n ní àwọn yóò wá wọ́n omi mímọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí o ń bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo parọ́ fún un pé mò ń wá kọ́kọ́rọ́, inú àpò épírọ́ọ̀nù mi ló sì wà. Nígbà tó lọ tán mo tọwọ́ bọ àpò náà. Ìyẹ̀fun ti bo kọ́kọ́rọ́ náà, ó funfun báláú. Láti ọjọ́ ọdún, mi ò tíì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun. Ẹ̀rù bà mí, Loredana, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo sì sunkún bí ọmọdé.

Mo fi ẹyọ kan tó ti gbẹ sínú lẹ́tà yìí. Fi ìka rẹ sójú ibẹ̀. Bí o bá lè fi gbogbo ọkàn sọ fún mi pé kì í ṣe ọwọ́ ìyá rẹ, n ó fún ọkùnrin náà ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́.

Bá mi kí Osvaldo, kí o sì gbá Tiziana mọ́ra fún mi. Màmá Vituccia ń kí ọ, Canio náà ń kí ọ. Kì í gba iwájú ilé yín kọjá lọ́sàn-án mọ́.

Tìrẹ ni ilé náà. Bí o bá fẹ́ tà á, tà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá sọ fún wọn fúnra rẹ. Wọ́n ti ṣe oúnjẹ, wọ́n ti gbé àwo rẹ kalẹ̀, wọ́n sì ti fa àga sójú fèrèsé. Èmi kọ́ ni n ó wọlé lọ sọ fún wọn pé o ò bọ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀,

Ermelinda.